Dókítà Martin Delany: Ará Amẹ́ríkà Tí Ó Fẹ́ Kó Lọ sí Abẹ́òkúta

Ọ̀rọ̀ kan kì í tán nílẹ̀ nígbà tí a bá jókòó jẹun lẹ́yìn ìsìn. Àwọn kan nínú wa kúrò nílé ní àsìkò SAP, lẹ́yìn ọdún 1986, nígbà tí owó oṣù kò tó ra àpò ìrẹsì mọ́. Àwọn mìíràn jáde lẹ́yìn tí wọ́n fagi lé ìbò ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1993, nítorí pé ìlú sú wọn pátápátá. Nísinsìnyí a sì ń gbọ́ láti ẹnu àwọn ọmọ tí a bí sí Prince George's County níhìn-ín pé Amẹ́ríkà náà ti sú àwọn, wọ́n sì ń béèrè bóyá Kánádà ni kí àwọn kọrí sí tàbí Gánà. Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ lóṣù yìí, orílẹ̀-èdè tirẹ̀ sú u ṣáájú gbogbo wa. Ó wo ayé yí ká, ó ka ìwé, ó bi àwọn ènìyàn léèrè, ibi tí ó sì fi ojú sí nígbẹ̀yìn ni Abẹ́òkúta.

A bí Martin Robison Delany ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1812 ní Charles Town, ìlú kan tí ó wà ní Virginia nígbà náà ṣùgbọ́n tí ó ti bọ́ sí West Virginia báyìí. Ibẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ẹni tí ó bá gbé mọ́tò láti Landover ní òwúrọ̀ yóò débẹ̀ kí oúnjẹ àárọ̀ tó dà nínú rẹ̀. Samuel, bàbá rẹ̀, jẹ́ ẹrú. Òmìnira ni Pati, ìyá rẹ̀, iṣẹ́ aránṣọ ni ó sì ń ṣe. Òfin ìgbà náà sọ pé ipò ìyá ni ọmọ ń jogún, nítorí náà òmìnira ni Martin pẹ̀lú. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nínú ìdílé wọn ni pé bàbá ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọba tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà, orúkọ rẹ̀ sì ni Shango. Etí Yorùbá yóò ta sí orúkọ yẹn lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ará Mandingo ni wọ́n pe bàbá náà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá yìí ni mo fẹ́ kí àwọn ìyá inú ìjọ wa mọ̀ dáadáa. Nígbà tí Martin ṣì kéré, àwọn kan fẹ́ fi agbára sọ òun àti ọmọ ìyá rẹ̀ kan di ẹrú. Pati gbé àwọn ọmọ méjèèjì, ó rin nǹkan bí máìlì 20 lọ sí ilé ẹjọ́ ní Winchester, ó rojọ́ níwájú adájọ́, ó sì jàre. Lẹ́yìn èyí ni ó ra ìwé a-bí-dí lọ́wọ́ ọlọ́jà kan tí ń kiri, ó fi kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìwé kíkà ní ìkọ̀kọ̀. Ní Virginia ìgbà yẹn, ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni kí a kọ́ ọmọ ènìyàn dúdú ní ìwé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà hàn síta ní ọdún 1822, tí ó sì gbọ́ pé wọn yóò fi ọlọ́pàá mú òun, ó palẹ̀ ẹrù mọ́, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ sá lọ sí Chambersburg ní Pennsylvania. Bàbá wọn kò lè bá wọn lọ, nítorí ó ní olówó. Ó tó nǹkan bí ọdún kan kí ó tó ra ara rẹ̀ padà, tí ó sì wá bá wọn. Àwọn ìdílé tí ọkọ ti wà ní Lanham fún ọdún mélòó kan kí físà ìyàwó tó jáde mọ ohun tí ọdún kan jẹ́.

Ní ọdún 1831, nígbà tí Martin di ọmọ ọdún 19, ó fi ẹsẹ̀ rìn láti Chambersburg dé Pittsburgh, ọ̀nà tí ó tó máìlì 150. Ìsàlẹ̀ ilé ìjọ Bethel ti àwọn AME ni ó ti ń kàwé lọ́dọ̀ Alàgbà Lewis Woodson. Ó sì tún lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn lọ́dọ̀ dókítà òyìnbó kan, Andrew McDowell. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, gẹ́gẹ́ bí àwọn onígbàjámọ̀ Haúsá ṣe máa ń fi ìwo fà á ní ilé, èyí ni ó sì fi ń jẹun fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí àrùn onígbáméjì ṣẹ́ yọ ní Pittsburgh ní ọdún 1833, àti lẹ́ẹ̀kejì ní ọdún 1854, ọ̀pọ̀ dókítà sá kúrò nílùú. Delany kò sá.

Ó fẹ́ Catherine Richards ní ọdún 1843, wọ́n sì bí ọmọ mọ́kànlá, ṣùgbọ́n méje ni ó yè. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Delany sọ ọmọ kan ní Toussaint L'Ouverture, ọ̀gágun tí ó gba Haiti lọ́wọ́ àwọn olówó ẹrú. Ó sọ òmíràn ní Alexandre Dumas, òǹkọ̀wé ará Faransé tí ìyá bàbá rẹ̀ jẹ́ ẹrú dúdú. Òmíràn ń jẹ́ Saint Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù ìjọ àtijọ́ ní Carthage ní Áfíríkà. Ó sọ ọmọbìnrin rẹ̀ ní Ethiopia. Ẹni tí ó bá gbọ́ tí wọ́n ń pe àwọn ọmọ náà jẹun lálẹ́ yóò mọ ibi tí ọkàn bàbá wọn wà.

Ọdún tí ó gbéyàwó náà ni ó dá ìwé ìròyìn tirẹ̀ sílẹ̀, èyí tí ó pè ní The Mystery. Láti ọdún 1847 sí 1849 ó bá Frederick Douglass ṣe olóòtú ìwé ìròyìn North Star. Ọmọ Maryland ni Douglass, láti Talbot County ní apá ìlà-oòrùn Chesapeake, ó sì ti sá fún oko ẹrú ní ọdún 1838. Àwọn méjèèjì jọ ń ja ìjà kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn pínyà nígbẹ̀yìn lórí ìbéèrè tí a ń bi ara wa yìí. Douglass gbà pé ilẹ̀ tí a bí ni sí, tí òógùn baba ẹni sì rin, kò yẹ kí a fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Delany náà ti gbà bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí ó yí i lọ́kàn padà kì í ṣe ohun kan ṣoṣo.

Ní ọdún 1838, ìpínlẹ̀ Pennsylvania tí ìyá rẹ̀ sá wá gba ẹ̀tọ́ ìbò lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin dúdú. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1850, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tí ó fún olówó ẹrú láṣẹ láti lépa ẹrú rẹ̀ dé ìpínlẹ̀ èyíkéyìí. Ẹni tí wọ́n bá mú kò gbọdọ̀ jẹ́rìí fún ara rẹ̀. Komíṣọ́nnà tí ó dá ẹjọ́ náà yóò gba dọ́là 10 bí ó bá dá ẹni náà padà sí oko ẹrú, ṣùgbọ́n dọ́là 5 ni yóò gbà bí ó bá tú u sílẹ̀. Òfin yìí kan àdúgbò wa gan-an. Nínú nǹkan bí 23,000 ènìyàn tí wọ́n kà ní Prince George's County ní ọdún 1860, ó lé ní 12,000 tí ó jẹ́ ẹrú, púpọ̀ nínú wọn ní oko tábà. Ẹni tí ó bá sá láti Upper Marlboro, tí ó kọjá sí Pennsylvania, kò tíì bọ́. Delany fúnra rẹ̀, tí kò ṣe ẹrú lọ́jọ́ kan rí, kò bọ́ pẹ̀lú, nítorí ta ni yóò jẹ́rìí fún un?

Ní ọdún kan náà ni ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Harvard gbà á wọlé, òun àti àwọn ọkùnrin dúdú méjì mìíràn, Daniel Laing àti Isaac Snowden. Laing àti Snowden ti gbà pé Làìbéríà ni àwọn yóò ti lọ ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá gbàwé ẹ̀rí. Delany ní tirẹ̀ fẹ́ dúró wo aláìsàn ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ ilé ìwé òyìnbó kan kọ ìwé ẹ̀hónú pé àwọn kò ní bá ènìyàn dúdú jókòó nínú kíláàsì. Àwọn mìíràn kọ̀wé pé kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n dúró, ṣùgbọ́n ìwé àwọn ti àkọ́kọ́ ni ó borí. Àwọn aláṣẹ jẹ́ kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta parí sáà ẹ̀kọ́ kan náà, wọ́n sì ní kí wọ́n má padà wá mọ́. Delany ti lé ní ọdún 38 nígbà náà, ó ní aya, ó ní ọmọ, ó sì ti ń tọ́jú aláìsàn fún bí ogún ọdún.

Ní ọdún 1852 ó tẹ ìwé kan jáde ní Philadelphia, nínú èyí tí ó ti sọ pé àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà jẹ́ orílẹ̀-èdè kan tí wọ́n há mọ́ inú òmíràn, àti pé kí wọ́n ronú àtilọ. Kì í ṣe Áfíríkà ni ó kọ́kọ́ tọ́ka sí. Àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, gúúsù rẹ̀, àti àwọn erékùṣù ìwọ̀-oòrùn ni ó fẹ́. Ní ti Làìbéríà, ó bu ẹnu àtẹ́ lù ú, nítorí ó rí i pé àwọn òyìnbó tí wọ́n fẹ́ lé àwọn ènìyàn dúdú òmìnira kúrò nílẹ̀ wọn ni ó dá a sílẹ̀. Àwọn ará Maryland pẹ̀lú ní ẹgbẹ́ tiwọn, tí ó dá ibùdó sílẹ̀ ní Cape Palmas ní ọdún 1834, tí wọ́n sì ń pè é ní Maryland ní Áfíríkà. Ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn jí ní òwúrọ̀ kí ó sọ pé òun ń lọ. Ọ̀tọ̀ ni kí onílé kó ẹrù rẹ̀ síta fún un. Ní èrò tèmi, ìyàtọ̀ yìí ni Delany fi gbogbo ayé rẹ̀ ń wá.

Ó pe àpéjọ ńlá lórí ọ̀rọ̀ àtikó lọ ní Cleveland ní oṣù Kẹjọ ọdún 1854. Ní 1856 ó kó ìdílé rẹ̀ lọ sí Chatham ní Kánádà. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Roger Taney, olórí àwọn adájọ́ Amẹ́ríkà, dá ẹjọ́ Dred Scott, ó ní ènìyàn dúdú kò lè jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè yìí láéláé. Calvert County ni wọ́n bí Taney sí, ní òdìkejì odò Patuxent, aládùúgbò wa. Bí iyèméjì kan bá ṣẹ́ kù lọ́kàn Delany, mo rò pé ìdájọ́ yẹn gbá a kúrò.

Báwo wá ni ó ṣe di ọ̀rọ̀ Abẹ́òkúta? Àwọn onítẹ̀bọmi inú wa mọ orúkọ Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì tí ó dé ilẹ̀ Yorùbá ní ọdún 1850. Bowen kọ ìwé nípa ìrìn àjò rẹ̀ ní 1857, ìwé náà sì bọ́ sí ọwọ́ Delany àti ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ kan, Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà tí ń kọ́ni ní Philadelphia. Wọ́n kà nípa ìlú ńláńlá, ọjà, òwú, àti àwọn ènìyàn tí ó mọ iṣẹ́ oko. Èrò Delany kò lọ́jú. Òwú ni ó ń mú oko ẹrú Amẹ́ríkà lówó lọ́wọ́, àwọn aláṣọ England ni ó sì ń rà á. Bí àwọn ènìyàn dúdú tí ó mọ iṣẹ́ bá gbin òwú ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá pẹ̀lú ọwọ́ òmìnira, tí wọ́n sì tà á fún England, ẹsẹ̀ yóò yẹ̀ lábẹ́ àwọn olówó ẹrú.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1859 ó wọ ọkọ̀ Mendi ní New York, ó fi Catherine àti àwọn ọmọ sílẹ̀ ní Chatham. Ó kọ́kọ́ dúró ní Làìbéríà, níbi tí wọ́n ti gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ láìka gbogbo ohun tí ó ti kọ nípa wọn sí. Ní oṣù Kẹsàn-án ó dé Èkó, Ọba Dòsùnmú sì fún un ní ilẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ó wọ Abẹ́òkúta, níbi tí Campbell ti ṣáájú rẹ̀ dé.

Ìlú tí ó dé kò ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹni tí ń ti ẹ̀yìn odi bọ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni àwọn Sàró ti ń padà láti Sierra Leone, ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n kó lẹ́rú, tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú omi. Samuel Àjàyí Crowther fúnra rẹ̀, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní ọdún 1821, wà nínú àwọn tí ó ṣe ọ̀rẹ́ àwọn àlejò méjèèjì. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 1859, Aláké Òkukẹ́nù àti àwọn ìjòyè rẹ̀, tí Ṣómóyè àti Ògúnbọ̀nà wà lára wọn, fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn, Crowther àti ọmọ rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i. Àdéhùn náà sọ pé àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó wà ní Amẹ́ríkà lè wá tẹ̀ dó pẹ̀lú àwọn Ẹ̀gbá lórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò. Wọn yóò mú ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ọwọ́ wá, wọn yóò bọ̀wọ̀ fún òfin Ẹ̀gbá, ṣùgbọ́n ẹjọ́ àárín ara wọn, àwọn fúnra wọn ni yóò máa dá a gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Ẹ wo ọ̀ràn! Bí ẹnìkan nínú wa bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ sí kóòtù ní Upper Marlboro, wọn yóò kọ́kọ́ wò ó bóyá ara rẹ̀ yá.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní oṣù náà tí kì í kúrò lọ́kàn mi. Ní ọdún 1858, John Brown, òyìnbó tí ó fẹ́ fi ìbọn tú àwọn ẹrú sílẹ̀, ṣe ìpàdé rẹ̀ ní Chatham, Delany sì wà níbẹ̀. Inú ilé oko kan ní Maryland ni Brown ti jáde lọ kọlu Harpers Ferry ní oṣù Kẹwàá ọdún 1859. Wọ́n so ó kọ́ ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá. Charles Town ni wọ́n ti so ó kọ́, ìlú tí wọ́n bí Delany sí. Abẹ́òkúta ni Delany wà lọ́jọ́ yẹn, àdéhùn rẹ̀ sì ku ọjọ́ 25.

Lẹ́yìn àdéhùn, òun àti Campbell lọ wo òkè: Ìjàyè, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin. Ohun tí ó rí dùn mọ́ ọn, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó kọ pẹ̀lú pé kò sí oko ẹrú níbẹ̀ ní irú èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀. Níhìn-ín ni n kò bá a lọ tán. Ẹrú wà nílẹ̀ wa, ìwọ̀fà wà, ogun sì ń kó ènìyàn. Crowther tí ó jẹ́rìí sí àdéhùn rẹ̀, ogun inú ilẹ̀ Yorùbá ni ó kó o. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, tí ó ń wá ibi tí yóò sùn, kì í yẹ òrùlé ibòmíràn wò fínnífínní.

Ọdún 1860 kò tíì dé àárín tí ogun Ìjàyè fi bẹ́. Kúrunmi ti Ìjàyè kọ̀ láti gba Adélù ní Aláàfin, Ìbàdàn gbógun tì í, Ẹ̀gbá sì gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Àwọn tí ó ṣèlérí ilẹ̀ fún àlejò ti wọ ìjà kí àlejò tó dé. Delany ti kúrò ní Èkó ní oṣù Kẹrin, ó gba England lọ láti wá àwọn tí yóò ra òwú. Ní oṣù Keje ó jókòó nínú àpéjọ àwọn onímọ̀ ìṣirò ní Lọ́ńdọ̀nù, tí Ọmọba Albert ń ṣe alága. Lord Brougham pe aṣojú Amẹ́ríkà, George Dallas, kí ó wò ó pé ènìyàn dúdú kan wà láàárín wọn. Dallas kò fèsì. Delany dìde, ó dúpẹ́, ó sì fi yé wọn jẹ́ẹ́ pé ènìyàn ni òun. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n Augustus Longstreet, tí ó wá láti ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, bínú jáde.

Àdéhùn Abẹ́òkúta kò pẹ́ láyé. Henry Townsend, míṣọ́nnárì CMS tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo létí àwọn Ẹ̀gbá, takò ó, Aláké sì sọ lẹ́yìn náà pé òun kò fún ẹnikẹ́ni nílẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Dòsùnmú. Èmi kò dá Aláké lẹ́bi tó bí àwọn kan ṣe ń dá a lẹ́bi. Nílẹ̀ wa, kí a ní kí àlejò wá gbé pẹ̀lú wa kì í ṣe kí a ta ilẹ̀ fún un, ó sì lè jẹ́ pé ohun tí Delany kà nínú ìwé náà kọ́ ni àwọn ìjòyè gbọ́.

Delany padà sí Chatham. Ó ń káàkiri sọ̀rọ̀ nípa Áfíríkà, ó ń wọ aṣọ tí ó mú bọ̀ láti ibẹ̀, ó ṣì ń wá àwọn tí yóò bá a lọ. Ṣùgbọ́n ogun abẹ́lé ti bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí Ààrẹ Lincoln kéde òmìnira ní ọjọ́ kìíní ọdún 1863, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọmọ ogun dúdú, Delany ṣe ohun tí ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọ̀dọ́ wọ iṣẹ́ ológun fún orílẹ̀-èdè tí ó ti sú u. Toussaint, ọmọ rẹ̀, wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun 54 ti Massachusetts. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1864, Maryland fi òfin tuntun tú gbogbo ẹrú rẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1865, Delany wọ ilé ìjọba ní Washington, ó bá Lincoln sọ̀rọ̀, wọ́n sì fi í jẹ Májọ̀. Ènìyàn dúdú díẹ̀ ni ó dé ipò yẹn nínú ogun náà.

Ó dúró. Ó ṣiṣẹ́ ní South Carolina fún ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀, ó bá wọn ṣe ìwé iṣẹ́ kí àwọn onílẹ̀ má baà rẹ́ wọn jẹ. Lẹ́yìn náà ó wọ ìṣèlú, níbẹ̀ ni ọwọ́ ti bà á. Ó díje fún ipò igbákejì gómìnà ní 1874, ó fìdí rẹmi. Wọ́n dá a lẹ́bi lórí ọ̀ràn owó, gómìnà sì dárí jì í. Ní 1876 ó ti Wade Hampton lẹ́yìn, ọ̀gágun àwọn olówó ẹrú àtijọ́, nítorí ó rò pé ọ̀rọ̀ yóò yọrí sí àlàáfíà. Àwọn ènìyàn dúdú bíi tirẹ̀ hó lé e lórí, wọ́n tilẹ̀ yìnbọn níbi ìpàdé kan tí ó ti fẹ́ sọ̀rọ̀. Hampton wọlé, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ kúrò ní ìhà gúúsù ní 1877, ẹ̀tọ́ ìbò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bí iyọ̀ nínú omi.

Ẹni ọdún 65 ni nígbà náà. Ó tún gbé ọ̀rọ̀ àtikó lọ jáde. Ó dara pọ̀ mọ́ àwọn tí ó ra ọkọ̀ Azor ní Charleston, ọkọ̀ náà sì gbéra lọ sí Làìbéríà ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 1878 pẹ̀lú ènìyàn 206. Ó lé ní 20 nínú wọn tí ó kú lójú omi. Gbèsè mú ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì pàdánù ọkọ̀. Delany kò wọ ọkọ̀ náà. Catherine ti wà ní Wilberforce ní Ohio láti ìgbà ogun, ó ń fi iṣẹ́ aránṣọ gbọ́ bùkátà, gẹ́gẹ́ bí Pati ti ṣe. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ wà nílẹ̀.

Robert Campbell ni ó kó lọ ní tòótọ́. Ní ọdún 1862 ó mú aya àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Èkó. Ní 1863 ó dá ìwé ìròyìn Anglo-African sílẹ̀ níbẹ̀, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ tí Èkó ní, Èkó náà ni ó sì kú sí ní 1884. Delany tẹ̀ lé e ní ọdún kejì. Ó kú ní Wilberforce ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní ọdún 1885, wọ́n sì sin ín sí itẹ́ òkú Massies Creek nítòsí ibẹ̀. Òkúta kékeré kan ni wọ́n fi sí orí sàréè rẹ̀, wọ́n sì ṣi orúkọ rẹ̀ kọ sí i lára. Ọdún 2006 ni wọ́n tó gbé òkúta ńlá kan kalẹ̀ níbẹ̀ fún un.